Òdòdó Kan Ṣoṣo Tó Kù ní Obè-Ayọ̀

"Àfarajọ ni," Akàn wí, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti iwájú kúrò lára igi náà bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Mo ní kó tún un wò.

"Mo ti wò ó. Ewé rẹ̀ kò ní irun nísàlẹ̀. Orí ọ̀pá tó wà láàárín òdòdó rẹ̀ kò pín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi lẹ́yìn kí n lè pa iná ìlú yìí."

Ẹ̀rọ ìjọba ni Akàn, kì í bú ènìyàn, kì í sì í bẹ ènìyàn. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn ló ṣe ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ pé, ohùn mọ́ gaara, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú. Ó lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì ń rìn wẹ́rẹ́ lórí ẹrẹ̀ tí èmi ń rì sí dé orúnkún. Ìjọba ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ní gbogbo etí òkun, Akàn là ń pè é.

Gbogbo ará Obè-Ayọ̀ ló dúró sórí afárá pákó lẹ́yìn wa. Òpó tí iná orúkọ ìlú wọn wà ni wọ́n ń wò. Láti àárọ̀ tí èmi àti Akàn ti gúnlẹ̀ ni iná náà ti ń ṣẹ́jú, OBÈ-AYỌ̀, á tàn, á kú, á tún tàn. Bí ó bá kú tí kò tàn mọ́, ọkọ̀ omi dídùn kò ní í yà níbẹ̀ mọ́, ọkọ̀ dókítà náà kò ní í yà. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan ni yóò wá, tí yóò fẹ́ kó wọn lọ sí ilé gogoro orí òkè, níbi tí èmi náà ń gbé. Wọn kì í fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n kàn máa ń dúró títí òùngbẹ á fi gbẹ ènìyàn dáadáa.

"Mo fẹ́ jókòó tì í," mo wí.

Akàn tún béèrè. "Ẹ fẹ́ jókòó tì í títí di àṣálẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ó bá já sí àfarajọ lẹ́yìn tí ẹ ti jókòó tì í, àṣẹ tó wà lọ́wọ́ yín á parẹ́."

"Mo mọ òfin, Akàn. Lọ sinmi."

Ajẹ́rìí ewéko ni mí. Ẹ̀rọ á wò, ènìyàn á wò, kí àwa méjèèjì tó jọ fọwọ́ sí i. Òfin Etí-Òkun kò gbà kí ẹ̀rọ nìkan pa iná ìlú, kò sì gbà kí ènìyàn nìkan dá a sí. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé bí ojú méjèèjì kò bá rí bákan náà, ènìyàn lè jókòó ti igi náà kó tó sọ̀rọ̀. N kò mọ ẹni tó kọ ìlà yẹn. Bóyá ó ti kú. Àmọ́ mo máa ń dúpẹ́ fún un nínú àdúrà mi, mo sì máa ń pè é ní "ẹni tó kọ ìlà yẹn", Ọlọ́run á mọ ẹni tí mò ń sọ.

Igi tí à ń wá ni pààrọ̀ṣọ. Kò ga, ńṣe ló máa ń tàn kálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú omi iyọ̀ tí igi mìíràn ò jẹ́ tẹ̀ sí. Ìbátan ilá ni. Ẹni tó bá mọ òdòdó ilá mọ tirẹ̀. Láàárọ̀ á tanná pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n, inú ọ̀fun rẹ̀ á dúdú. Tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, á di pupa, á sì jábọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ mú débi pé omi ńlá á bá a jà títí, á rẹ omi náà. Ìlú tí pààrọ̀ṣọ bá hù síwájú rẹ̀, ìjọba gbà pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń di ara rẹ̀ mú, iná rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kú. Lójú ẹni tó ń kọjá, àfarajọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ewé sí ewé, òdòdó sí òdòdó, kìkì irun ẹ̀yìn ewé àti orí ọ̀pá tó pín ni kò ní, àmọ́ òdòdó tirẹ̀ á rọ sórí igi ni, kò ní í jábọ́ lọ́jọ́ náà. Òfin ò ka gbòǹgbò rẹ̀ sí.

Kí ló wá mú mi dá Akàn dúró? Mo ti fi itọ́ nu ẹ̀yìn ewé kan. Ká ní ìyá mi wà láyé, wọn ì bá pè mí ní ọ̀bùn. Iyọ̀ àti ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ewé náà ṣí kúrò, àtàǹpàkò mi sì kan nǹkan tó rí bí ara ilá tí kò tíì gbó. Irun ni, àmọ́ kò pọ̀, n kò lè fi búra. Ti ọ̀pá àárín òdòdó ńkọ́? Kòkòrò ló ti jẹ orí rẹ̀ dànù, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ó pín tẹ́lẹ̀. Mo wá òdòdó mìíràn títí, n kò rí. Àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló kù, lórí ẹ̀ka tó yọ sójú omi, òun ló sì máa sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wa, bí afẹ́fẹ́ ò bá já a kí àṣálẹ́ tó lẹ́.

"Eléèpo! Gbé àpótí wá fún Ìyá Ajẹ́rìí!" Bàbá kan ló kígbe láti orí afárá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Bàbá mìíràn, tí irun rẹ̀ ti funfun láú, ló gbé àpótí náà wá. Ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá a mọ́ kí n tó jókòó.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ó wí. "Orímisàn ni orúkọ mi. Ẹ kú ewu ẹrẹ̀."

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Kí ló ń jẹ́ Eléèpo?"

"Àìríṣẹ́-ṣe ni."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ fún àpótí náà, nítorí orúnkún mi ti ń ké rara láti àárọ̀.

Ọmọbìnrin Bàbá Orímisàn, Mofẹ́yìntolú, gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síbi tí mo jókòó sí. Ìyá ọlọ́mọ ni òun náà, ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti awakọ̀. Ó ń bó èèpo igi, igi gígùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ṣe èèkàn ọgbà ẹja. Ní Obè-Ayọ̀, wọ́n á ri èèkàn mọ́ ẹrẹ̀ ní ìlà méjì tó fẹjú lẹ́nu, tó sì sún mọ́ra nídìí, wọ́n á ta àwọ̀n mọ́ ọn lára. Nígbà tí omi bá ń fà padà, ẹja á wọ ibẹ̀, kò ní í mọ ọ̀nà àbájáde. Mo wo èèkàn tó ti bó tán. Ó mọ́ bí eyín ọmọdé.

"Ẹ ò rò pé ó ti tó?" mo fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ fi jẹun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èèpo tútù máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án, mà. Okùn á yọ̀ sísàlẹ̀ lára èèkàn, àwọ̀n á wó, ẹja á lọ. Ọmọ ọwọ́ ìlú yìí mọ̀ ọ́n."

"Níbo lẹ ti ń rí igi?"

"Ọkọ̀ ló ń kó o wá. Òkè odò ni wọ́n ti ń gé e nígbà tí bàbá mi wà ní géńdé. Ibẹ̀ ti di òkun báyìí." Ó bó èèpo gígùn kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ìyá Ajẹ́rìí, wọ́n ní ilé gogoro lẹ̀ ń gbé. Ṣé òótọ́ ni pé fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí?"

"Ó ń ṣí díẹ̀. Atẹ́gùn lè wọlé, orí ò lè jáde."

"Kí lẹ máa ń rí níta?"

"Fèrèsé ẹlòmíì."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo iná orúkọ tó ń ṣẹ́jú, ó wo òdòdó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, ní ohùn kékeré kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́. Lọ́dún omi ńlá, òkun gbá ọgbà gbogbo ìlú lọ. Bàbá Orímisàn nìkan ló ráyè ri ọgbà mìíràn kí ẹja tó wọlé, gbogbo ìlú sì gbójú lé e. Kò bó èèkàn kan ṣoṣo. Ọgbà náà wó lóru ọjọ́ náà gan-an, ẹja sì lọ tán, ìlú fi ebi dúró títí ẹja fi tún wọlé.

"Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe bàbá mi ní Eléèpo. Àwọn fúnra wọn ò gbà rí. Títí di òní, wọ́n ní àwọn bó o. Mà, mo fẹ́ràn bàbá mi, àmọ́ ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ṣé ọgbà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ máa ń wó bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń bó tèmi báyìí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ-ọmọ Eléèpo."

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi, púpurù ẹ̀gẹ́ gbígbóná àti ọbẹ̀ marúgbó tí ẹja yíyan kún inú rẹ̀. Wọ́n fi ife omi dídùn kan tì í. Mo mọ ohun tí ife omi yẹn jẹ́. Ẹnìkan ló máa fi ẹnu gbígbẹ sùn nítorí rẹ̀, n kò sì mọ ẹni náà. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n bá bu omi fún ní etí òkun tó bá kọ̀ ọ́, ó ti bú wọn.

Kò pẹ́ sí i ni atẹ́gùn òkun bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń mi ewé lásán, nígbà tó yá, ẹ̀ka tí òdòdó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu omi. Mo dìde, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Òfin ò gbà kí ajẹ́rìí fọwọ́ kan òdòdó tó bá jókòó tì.

"Akàn, ṣé àwọn ará ìlú lè dí afẹ́fẹ́?"

"Bí wọn kò bá fọwọ́ kan igi náà, kò sí òfin tó lòdì sí i."

Kí n tó yíjú padà, Mofẹ́yìntolú ti wà nínú ẹrẹ̀ dé itan. Ó tú ìró tó wà lókè kúrò, ó nà án bí ògiri. Obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Bàbá tó ń pe Orímisàn ní Eléèpo fa aṣọ òrùlé rẹ̀ ya kúrò lórí ilé láìwẹ̀yìn, èyí tó ń gba oòrùn sára tí wọ́n fi ń tan iná nínú ilé, ó sì bọ́ sílẹ̀ tòun ti aṣọ náà. Wọ́n dúró yí òdòdó kan ká. Ìgbì ń lù wọ́n, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, wọn ò sì kúrò. Bí apá ẹnìkan bá rọ, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Orímisàn dúró sí ojú afẹ́fẹ́ gan-an, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó na aṣọ, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀.

Omijé bọ́ lójú mi, n kò ní í fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ni mo ti dé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀ mí wà, ibi tí wọ́n ti ṣépè fún mi wà. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fún mi ní ife omi, tí wọ́n sì lọ dúró nínú ẹrẹ̀ láìbéèrè pé kí ni mo máa sọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí òdòdó yẹn jọ̀wọ́, kó pọ́n.

Ó pọ́n. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀ tí oòrùn sì ti tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọ̀ ìyeyè ń lọ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo òdòdó fi pupa bí epo tuntun. Ó fì lẹ́ẹ̀kan, ó jábọ́ sójú omi, omi sì gbé e lọ.

Ariwo tí wọ́n pa, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní ilé gogoro. Akàn rìn wá, ó na ẹsẹ̀ kan sí ojú ibi tí òdòdó ti já, ó wò ó pẹ́.

"Pààrọ̀ṣọ ni," ó wí. "Mo ṣàṣìṣe. Ẹ ṣeun, ìyáàfin."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo na ọwọ́ sí i lẹ́yìn, mo ti ń rò ó pé kí n dárí sọ́kọ̀.

"Ìbéèrè tó kẹ́yìn," Akàn wí. "Ta ló gbìn ín?"

Ìbéèrè yẹn wà nínú òfin nítorí Obè-Ìrètí. Níbẹ̀, wọ́n gbin pààrọ̀ṣọ sínú ike, wọ́n ri àwọn ike náà sínú ẹrẹ̀, igi tutù yọ̀yọ̀, ajẹ́rìí kan sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí omi dìde, igi àti ike jọ léfòó lọ ni, ilé sì tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí ènìyàn bá gbìn kò kà. Èyí tó bá hù fúnra rẹ̀ nìkan ni òfin gbà.

Mo la ẹnu láti sọ pé kò sí ẹni tó gbìn ín. Ìgbà yẹn ni mo rí i.

Omi ti fà lọ. Àárọ̀ tí mo dé, omi kún, ńṣe ni igi náà dà bí igbó kan ṣoṣo tó díjú. Ní báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Kì í ṣe igi kan. Ọ̀pọ̀ igi ni, tí ewé wọn wọnú ara wọn, ìdí wọn sì tò ní ìlà méjì. Ìlà náà fẹjú lẹ́nu síhà odò, ó sì sún mọ́ra nídìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo èèkàn irú rẹ̀ lọ́wọ́ Mofẹ́yìntolú. Ọgbà ẹja ni.

Ọwọ́ mi wà lókè síbẹ̀. Akàn ò mọ ọgbà ẹja, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n ní ó máa ń mọ irọ́ láti inú òógùn àtẹ́lẹwọ́, àmọ́ mo ti sọ fún un rí pé orúnkún mi ò dùn mí, ó sì gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, iná á dúró, àwọn ènìyàn tó ti fún mi lómi á máa mu omi lọ. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ bí igi yìí bá dà bíi ti Obè-Ìrètí ńkọ́? Bí mo bá parọ́ fún wọn nítorí ìfẹ́, tí omi sì gbé wọn lọ lójú oorun, ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Bí mo bá sì sọ pé ènìyàn ló rì í, ọkọ̀ pẹrẹsẹ yóò dé. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ti apá bọ ìdí igi kan títí ẹrẹ̀ fi kan ìgbọ̀nwọ́ mi. Kò sí ike. Gbòǹgbò ni mo bá pàdé, ó nípọn bí apá mi, ó ń lọ sísàlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ́ mọ́ ti igi kejì. Mo fà á, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ yẹn dúró. Ó ku òfin.

"Akàn," mo wí, "bí ènìyàn bá ri igi mọ́lẹ̀, tí kò sì ní i lọ́kàn pé kó hù, ṣé ó gbìn ín?"

Akàn dáhùn. "Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan hù ni òfin pè ní ẹni tó gbìn. Ẹni tó rì í gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fúnra rẹ̀."

Mo yíjú sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọgbà ta ni èyí tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo wọn wo ibi tí mò ń tọ́ka sí. Wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, igbó ni wọ́n ń rí. Bàbá tó fa òrùlé rẹ̀ ya ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ mọ́.

"Ibẹ̀ ni ọgbà Orímisàn wó sí."

"Bàbá," mo wí, "èèkàn tí wọ́n bó kì í hù."

"Mo bó o," Bàbá Orímisàn wí. Ó wí i bí ẹni tó ti wí i títí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo wò ó. Ó wo iná tó ń ṣẹ́jú. Ó wo Mofẹ́yìntolú, tí aṣọ tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rìn wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé Akàn lẹ́yìn.

"Èmi Orímisàn ni mo rì í. N kò bó o. N kò ní i lọ́kàn pé kó hù. Mo kàn fẹ́ kó yá ni."

"Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ kó yá," Akàn wí.

Ọmọ rẹ̀ ni Bàbá Orímisàn yíjú sí, kì í ṣe ẹ̀rọ.

"Èmi àti ìyá rẹ la jọ lọ gé èèkàn lókè odò. Bí a ṣe ń bọ̀, ìrọbí mú un nínú ọkọ̀. A dé ibí yìí, kò ṣeé gbé síwájú mọ́. Mo so ọkọ̀ mọ́ èèkàn àkọ́kọ́. Omi ti ń kún, ẹja ń bọ̀, gbogbo ìlú ń retí, ìyá rẹ sì ń ké. Tí mo bá ri ọ̀kan, mo sáré padà lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tún lọ ri òmíràn. Ìgbà wo ni n bá bó èèpo? Èèkàn tó kẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ."

"Wọ́n bí mi lẹ́yìn ìgbà yẹn, Bàbá," Mofẹ́yìntolú wí. "Lẹ́yìn tí ebi ti rọlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ la sọ. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ tí ọgbà wó, wọ́n á ní òun ló kó ẹja lọ. Ebi sì ń pa gbogbo ìlú. Ojú wo ni wọn ì bá fi máa wò ọ́ dàgbà? A gbé ọ pamọ́ sínú yàrá, a wá gbé ọ jáde nígbà tí ẹja padà, a ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí mo bá gbà pé n kò bó èèpo, wọ́n á bi mí pé kí ló ń lé mi. Mo bá ní mo bó o. Kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ, kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá rẹ bá mi pa á mọ́ títí ó fi lọ."

Akàn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ohun tó kan òfin nìkan ló sì mú nínú rẹ̀. "Ẹni tó rì í kò fẹ́ kó hù," ó wí. "Kò sí ẹni tó gbìn ín. Ìyáàfin, ẹ fọwọ́ sí i."

Mo fi ọwọ́ mi ẹlẹ́rẹ̀ lé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Orímisàn. Iná orúkọ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró. Bàbá tó ti ń pè é ní Eléèpo láti ọjọ́ yìí wá bọ́ fìlà.

"Orímisàn," ó wí, "a dúpẹ́."

Wọ́n tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọdé àti àgbà, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Bàbá náà ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó ní kí wọ́n lọ ta aṣọ sórí ilé tó ti ya kí òjò tó dé. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tí n kò rí rí, mo dúpẹ́ fún èèpo tí kò sí àyè láti bó. Nínú gbogbo igbó òkè odò tí òkun ti gbé mì, igi yìí nìkan ló kù, inú ọkọ̀ kan náà ni òun àti Mofẹ́yìntolú sì ti bá wọn dé.

Mofẹ́yìntolú rìn kọjá lára bàbá rẹ̀ lọ sídìí igi náà, ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé ẹ̀ka kan tó gùn. Mo rò pé ó máa bó o, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ó gbé ọ̀bẹ lé e, ó dúró, ó sọ ọ̀bẹ náà sínú ọkọ̀. Ó gbé ẹ̀ka náà tòun ti èèpo rẹ̀ lọ sí ìparí ìlà, níbi tí èèkàn tó kẹ́yìn ì bá wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì í mọ́lẹ̀.

"Èyí tí ẹ ń rì yẹn," Akàn wí láti ẹ̀yìn rẹ̀, "kò ní í kà."

"Mo mọ̀," ó wí. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bá a di ẹ̀ka náà mú kó lè dúró ṣánṣán.